Àgúnmu Tó Ń Hó Láìsí Iná

Ẹni tó mu ìkẹyìn nínú oògùn ìyá àgbà mi ni wọ́n ní kó wá kírun sí i lára. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ó dúró níwájú òkú, láwàní ẹ̀ funfun báláú, ara ẹ̀ le koko, àwa tí a mọ ohun tó mú ara náà le sì wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, a pa ẹnu mọ́. Títí dòní, tí mo bá dé ọjà Tchamba tí mo sọ ilé tí mo ti wá, ẹnì kan á ṣì rẹ́rìn-ín, á ní, "Háà, ilé ìyá tó ń mu gíyà Jámánì yẹn!" Gíyà ni àwọn Haúsá ń pe ọtí. Ìyá Àgbà mi tí ètè ẹ̀ ò kan ọtí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Inú á bí mi sí ẹni tó sọ ọ́. Inú á sì bí mi sí Ìyá Àgbà náà, torí òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n má sọ̀rọ̀.

Ó ti lọ báyìí, kò lè sọ fún mi mọ́ pé kí n dákẹ́. Nítorí náà ẹ jókòó, màá sọ ọ́.

Mẹ̀múnátù ni orúkọ ẹ̀, òun ló bí bàbá mi. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní oko àgbàdo tirẹ̀ lápá ọ̀nà Goubi, ó sì ń gún èlùbọ́ tó ń rù lọ tà. Gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú wa Kambolé ló ń ṣe é. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé inú àwọn ènìyàn ló jẹ ẹ́ lógún. Kì í ṣe èrò inú wọn o. Inú wọn gan-an, ìfun wọn.

Tí o bá jí láàárọ̀ tí o kúnlẹ̀ kí i, "Ìyá, ẹ káàárọ̀," kò ní dáhùn pé o káàárọ̀. Á wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Ṣó o lọ?" Lọ síbo? Gbogbo ilé ló mọ̀. Ṣé o lọ sẹ́yìn ilé ni. Tí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì tán, á tún bèèrè pé, "Báwo ló rí?" Ẹ gbà mí! Níwájú àlejò, níwájú àna, níwájú ẹni tó wá kí wa pé ẹ kú ọ̀fọ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ìlú sọ ọ́ ní Ìyá Ṣó-o-lọ. Màmá mi, tó jẹ́ ìyàwó ilé, bẹ̀bẹ̀ títí pé kó máa bi òun níkọ̀kọ̀ ó kéré tán. Ìyá Àgbà ní, "Ẹni tó bá ń tijú ìgbẹ́, ìgbẹ́ á dójú tì í láàárín ọjà."

Tí o bá wá ṣe àṣìṣe tí o sọ òótọ́ pé o ò tíì lọ, o ti ko àgbákò. Láyé àtijọ́, ewé àsùnwọ̀n ló ń sè fún wa, tó máa ń fún ènìyàn nínú bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Tàbí kó rẹ àjàgbọn mọ́jú, èso tó kan tó ń mú eyín ènìyàn kẹ̀. A máa ń sá fún un. Mo ti sùn lóko rí torí pé mi ò fẹ́ kó bi mí.

Àgúnmu Jámánì ló wá gbà wá lọ́wọ́ àsùnwọ̀n, kó tó di pé ó kó wa sí ọ̀ràn tó ju àsùnwọ̀n lọ. Ìyá Àgbà ní àbúrò kan, Bàbá Lámídì, tó ń gbé ní àdúgbò Komah ní Sokodé. Aṣọ àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso wa nígbà náà ni Bàbá Lámídì ń fọ̀. Ìyá Àgbà máa ń ru èlùbọ́ láti Kambolé, á sùn ní Tchamba, á tún gbéra lọ sí Sokodé, ilé àbúrò ẹ̀ yìí ló máa ń dé sí. Lọ́dún kan, ó jẹ oúnjẹ gbígbẹ lọ́nà, ó jẹ obì lé e, kò sì fẹ́ wọ igbó níbi tí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ń kọjá. Bó ṣe dé Komah, inú ẹ̀ ti dí gbọn-in. Ó ń wá àsùnwọ̀n kiri, kò rí. Bàbá Lámídì ní kó dúró ná. Ó lọ bá ẹni tó ń pín oògùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó sì gba ìgò dúdú kan bọ̀.

Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, mi ò mọ iye ìgbà. Àgúnmu funfun ni, ó rí bí ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Àbúrò ẹ̀ da omi sí i nínú igbá, gbogbo ẹ̀ sì ru sókè, ó ń hó ṣùùṣùù láìsí iná lábẹ́ ẹ̀. Ìyá Àgbà fò sẹ́yìn, ó ní, "A'ùsù billáhi!" Àbúrò ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kó fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó mu ún. Ó ní ó ta òun nímú, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó dùn díẹ̀, ó wá fi ìtọ́wò ẹfun sílẹ̀ lórí ahọ́n. Kí wọ́n tó pe ìrun àìlà, ó ti lọ. Kò run ún nínú, kò lọ́ ọ. Ó ní ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n yọ ọ̀pá kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Magineésíà ni ẹni tó ń pín oògùn ní kí wọ́n máa pè é. Ó ṣàlàyé fún Bàbá Lámídì pé òkúta funfun kan ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, kíkan yẹn ló ń mú un hó. Ó ní ẹni tó bá mu ún gbọ́dọ̀ mu omi púpọ̀ lé e. Ó ní ẹni tí inú ń run gidigidi tàbí tó ń bì kò gbọdọ̀ mu ún rárá. Ìyá Àgbà há òfin yìí sórí bí ẹni há Fátíà, kò sì ré e kọjá láéláé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá lọ sí Sokodé ló ń gbé èlùbọ́ tó dára jù fún àbúrò ẹ̀ kó bá òun fi wá ìgò kan bọ̀.

Kì í ṣe kìkì ẹni tí inú ẹ̀ dí ló ń fún. Ó ní ìwọ̀n méjì. Ìwọ̀n kékeré jẹ́ ààbọ̀ èèpo ẹ̀pà, òun ló ń pò sómi tó ń mu lẹ́yìn ìrun àsùbáà, torí pajápajá tó máa ń fà á lẹ́sẹ̀ tó bá ti oko dé. Tẹ́lẹ̀, tí pajápajá bá mú un, igbe ẹ̀ á jí adìyẹ. Lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìwọ̀n kékeré yẹn, ó ní ẹsẹ̀ òun ti ń gbọ́ràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọkùnrin tó ń kọ ebè. Ìwọ̀n ńlá ni ti ẹni tí inú ẹ̀ dí, ìyẹn ló máa ń mú igbá hó kọjá etí. Ọkọ mi bi í nígbà kan pé báwo ni nǹkan kan náà ṣe jẹ́ oògùn ẹsẹ̀ tó tún jẹ́ oògùn ìfun. Ó ní, "Díẹ̀ ni oúnjẹ, púpọ̀ ni ìgbálẹ̀."

Ọkọ mi ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kọ́kọ́ rí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ara Goubi ni. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń bọ́ ìyàwó yó kó tó lọ: àǹtí yìí gbé iyán wá, ẹ̀gbọ́n yẹn gbé mósà olóyin wá, gbogbo wọn fẹ́ kó dé ọ̀hún kó yọ̀ kìnìkìnì. Wọ́n bọ́ mi títí inú mi fi dí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sìn mí lọ, Ìyá Àgbà yọ sí mi, "Ṣó o lọ?" Mi ò lè purọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ó gbé igbá dé. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó tó di ọ̀sán gbogbo ẹ̀ á ti parí.

Ọ̀sán kọjá, kò sí nǹkan kan. A gbéra ní ìrọ̀lẹ́, èmi nínú ìbòrí, àwọn obìnrin ń kọrin. A dé àárín oko àgbàdo, ó dé. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sáré! Mo wọ inú àgbàdo tòun tìbòrí. Àwọn obìnrin dúró lójú ọ̀nà, wọ́n gbé orin sókè kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ nǹkan míì. Ìgbà tí mo jáde nígbà kẹta, ta ni mo bá lójú ọ̀nà? Ọkọ mi ni, ó ti wá pàdé wa. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó tẹ ẹnu mọ́ mi létí, ó ní, "Ọkọ tó rí ọ báyìí tí kò sá, ìyẹn lọkọ. Tó bá sá, a ti jèrè."

Kò sá. Mo sì bínú sí Ìyá Àgbà títí mo fi bí àkọ́bí. Síbẹ̀, ilé wa ní Kambolé ni mo ń wà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀rọ̀ Àáfà tó ń ṣáájú ìrun wa ni mò ń lọ́ra láti dé. Ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀. Àwọn ará Kambolé mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò pàdánù nǹkan kan. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàwé kéwú dáadáa ní Tchamba, ohùn ẹ̀ dùn, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ó ń bẹ̀rù ẹnu ènìyàn pẹ̀lú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa tí wọ́n máa ń kó lọ ru ẹrù dé Sokodé rí àwọn Jámánì tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi nírọ̀lẹ́, ife lọ́wọ́ wọn, ohun tó wà nínú ife ń yọ ìfófòó, àwọn tó ń mu ún sì ń pọ́n lójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín gbàgàdà. Wọ́n bèèrè, wọ́n sọ fún wọn pé ọtí ni. Wọ́n dé ilé, wọ́n rí igbá Ìyá Àgbà. Ìfófòó rèé. Ọwọ́ Jámánì ló ti wá. Kí ló tún kù? Ohun tí a mọ̀ ní Kambolé ni pé nǹkan méjì ló ń mú omi hó: iná tàbí ìwúkàrà ọtí. Kò sí iná lábẹ́ igbá ìyá yìí. Wọ́n gbé e lọ bá Àáfà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Àáfà ṣe wáàsí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ohun tó bá ń hó láìsí iná, iná ọ̀run ló ń hó o." Gbogbo orí ló yí sí apá àwọn obìnrin, gbogbo ojú sì dúró lára Ìyá Àgbà.

Ó dúró dè é níta. Ó ti ní kí n sáré lọ sílé, mo ti gbé igbá àti ìgò dé. Ó pò ó níwájú gbogbo èrò, ó nà án sí Àáfà, ó ní, "Àáfà, ẹ gbóòórùn ẹ̀." Àáfà fà sẹ́yìn, ó ká agbádá ẹ̀ mọ́ra kó má baà ta sí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé nǹkan yìí sún mọ́ mi." Ìyá Àgbà wò ó. Ìfófòó yẹn ti ń lọ sílẹ̀ nínú igbá. Ó ní, "Ẹ ò gbóòórùn ẹ̀, ẹ ò tọ́ ọ wò, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ẹ̀ rí màbo. Tí a bá tò fún ìrun, àwọn obìnrin á yí ẹní wọn díẹ̀, àlàfo á wà lọ́tùn-ún ẹ̀, á wà lósì ẹ̀. Nígbà ààwẹ̀, ó din mósà sàárà bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó gbé e ránṣẹ́ sí àwọn ilé tó yí wa ká. Wọ́n dá a padà. Wọn ò tilẹ̀ ṣí i. Mo bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tó jókòó ti agbọ̀n mósà, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n fi jíjẹ ṣe ìjìyà fún. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé? Ẹ jù ú nù! Àsùnwọ̀n ṣì ń hù lẹ́yìn ilé!" Ó ní, "Tí mo bá jù ú nù, mo ti gbà pé ọtí ni."

A ránṣẹ́ pe Bàbá Lámídì láti Komah kó wá jẹ́rìí. Ó wá, ó sọ gbogbo ẹ̀, ti òkúta, ti ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n ní kí lẹ fẹ́ kó sọ, ṣebí aṣọ àwọn ọ̀mùtí ló ń fọ̀. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sọ?

Ohun tó máa ń dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn kan náà tó ń yí ẹní wọn máa ń gba ẹ̀yìn ilé wá. Tí ìlú bá ti lọ sóko, wàá rí wọn, ìborùn á ti bo orí dé imú. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, láti ọjọ́ wo ni mi ò ti lọ." Ìyá Àgbà á bi wọ́n ní ìbéèrè méjì tó máa ń bèèrè: ṣé inú ń run ọ́? Ṣé o ń bì? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, á pò ó fún wọn. Èmi ni mo ń pọn omi, mo mọ gbogbo wọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n á tún yí ẹní wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ariwo yìí á parí." Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ó ní, "Ohun tó bá wà nínú ènìyàn, òun àti Ọlọ́run ló ni ín. Èmi, mo kàn ń ṣílẹ̀kùn ni." Mo lọ fọ igbá.

Nígbà tó yá, ogun àwọn òyìnbó dé. Àwọn Jámánì kó kúrò ní Sokodé, Bàbá Lámídì ò rí aṣọ ẹnì kankan fọ̀ mọ́, àgúnmu náà sì tán pátápátá. Ìyá Àgbà ti dàgbà gan-an nígbà náà, ìfun tirẹ̀ náà ti ń ṣe agídí. Ó dín ìwọ̀n ẹ̀ kù, ó tún dín in kù, títí ó fi jẹ́ ìwọ̀n ńlá ẹyọ kan ṣoṣo ló kù ní ìsàlẹ̀ ìgò. Ó ní òun ń tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tó bá le.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, Ìyá Súlè wọlé wá. Ìyàwó Àáfà ni. Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní Àáfà ò lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò lè jẹun, kò lè tẹ̀ kírun, ẹlòmíì ló ń ṣáájú ìrun. Ìyá Àgbà ní, "Òun ló rán ọ?"

Ìyá Súlè ní, "Òun ló rán mi, Ìyá, àmọ́ ó ní kí n má sọ pé òun ló rán mi."

"Ṣé inú ń run ún?"

"Rárá, ó kàn wúwo ni."

"Ṣé ó ń bì?"

"Rárá, Ìyá."

Ìyá Àgbà dìde, ó mú ìgò. Èmi náà dìde. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo ní, "Ìyá, ẹ má fún un! Ẹ dákun! Kó kọ́kọ́ wá síta mọ́ṣáláṣí níbi tó ti bú yín, kó ní kì í ṣe ọtí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kó sọ ọ́, kó wá gbà á."

Ó ní, "Ràmátù, fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ò tíì lọ láti ìjẹta! Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Èmi á rí àsùnwọ̀n já lẹ́yìn ilé. Àáfà ò lè rán ẹnikẹ́ni lọ já a fún òun, gbogbo ìlú á mọ̀, àwọn ọmọ kéwú á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́." Ó gbọn ìgò sínú ewé, ó gbọn ọ́n dáadáa, ó dì í, ó gbé e lé ọwọ́ Ìyá Súlè. "Sọ fún un kó mu omi púpọ̀ lé e." Ìgbà tí obìnrin náà jáde, ó kọjú sí mi. Mo ti ń sunkún ìbínú. Ó ní, "A kì í dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tí inú ẹ̀ dí."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àáfà ti padà síwájú. Ohùn ẹ̀ ń dún ketekete. Ẹ mọ ohun tó wàásù lé lórí? Ọpẹ́! Ó ní ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń retí. Ó parí wáàsí, ó kírun, ó kọjá níwájú Ìyá Àgbà, kò gbé ojú sókè. Mo yí sí Ìyá Àgbà kí n rí bó ṣe rí lójú ẹ̀. Ṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìrìn ẹ̀ ti dá ṣáṣá."

Kò pẹ́ sígbà náà ni inú tirẹ̀ dí tán. Ó mu àsùnwọ̀n, ó lọ́ ọ nínú títí, kò tú. Mo rẹ àjàgbọn, mo bẹ̀ ẹ́ mu, ó bì í. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tó bá kan ẹnu ẹ̀ ló ń bì, inú ẹ̀ sì le bí pákó. Bàbá mi ní ká gbé e lọ sí Sokodé, a sì ń bi ara wa pé ta ni a fẹ́ bá níbẹ̀. Ẹni tó ń pín oògùn ti bá àwọn Jámánì lọ. Mo mú ìgò òfìfo yẹn, mo da omi sí i, mo fọ̀ ọ́ káàkiri bóyá díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, mo gbé e sún mọ́ ẹnu ẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó ní, "Ẹni tó ń bì kì í mu ún. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ?"

Bóyá ìwọ̀n tó fún Àáfà ì bá ti là á kó tó di pé ó ń bì, mi ò mọ̀. Ọkọ mi ní inú àgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé tó bá ti dí, kò sóhun tó lè ṣí i. Ó ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mélòó kan. Mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́.

Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tó rí i pé ó ń lọ. Mo rò pé ó fẹ́ súre fún mi. Ó ní, "Ràmátù, má tú Àáfà síta o. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni gbogbo ìlú ń kírun sí. Ṣèlérí."

Mo ní, "Ìyá, orúkọ tiyín ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Kí ni ǹ bá ṣe? Ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ. Ìnná lílláhi.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e síta. Àwọn ọkùnrin pé jọ, ó kù kí wọ́n tò. Ọ̀kan nínú wọn, baba kan tó ní ẹnu bí ọ̀bẹ, wú ikọ́, ó ní, "Àáfà, ẹni tó ń mu gíyà, ṣé a ń kírun sí i lára?" Bàbá mi di ọwọ́ ẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́. Èmi ń wo ẹnu Àáfà. Mo sọ nínú mi pé, ó yá, sọ ọ́, òkú ẹ̀ rèé níwájú ẹ, o ò ní rí ọjọ́ míì. Àáfà wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ tò."

Ẹ tò! Gbogbo ohun tó rí sọ nìyẹn. Wọ́n tò, ó kírun. Wọ́n ní ohùn ẹ̀ gbọ̀n níbì kan. Ohùn gbígbọ̀n kì í fọ orúkọ ẹni.

Ọjọ́ kẹjọ pé, a ṣe fìdáù. Àwọn èrò wá, torí kò sẹ́ni tí kì í wá síbi fìdáù, ì báà jẹ́ ti ta ni. Àáfà gbé àdúà. Ó dé ibi tó ti ní kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ jì í, baba ẹlẹ́nu ọ̀bẹ yẹn sì dáhùn pé, "Pàápàá ti gíyà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú aṣọ wọn. Àáfà dákẹ́. Ó tún dákẹ́! Mo jẹ ètè mi títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, torí mo ti ṣèlérí.

Ohùn kan ló jáde láàárín àwa obìnrin. Ìyá Súlè ti dìde. Ó ní, "Bàbá Súlè, èmi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún wọn, tàbí kí èmi sọ ọ́."

Àáfà tú ọwọ́ àdúà tó tẹ́. Òógùn bò ó. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ó wo bàbá mi, ó wá la ẹnu. Ó ní, "Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó dùn díẹ̀. Kì í ṣe ọtí. Mo mu ún. Ìyá yìí ló fún mi, tirẹ̀ tó kù ló fún mi. Ó mọ gbogbo ohun tí mo sọ nípa òun, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn." Baba ẹlẹ́nu ọ̀bẹ sọ orí kọ́. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹjú mọ́lẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn náà mọ bó ṣe ń kan.

Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ràmátù, ẹ kú oríire, orúkọ ìyá yín ti mọ́." Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Àáfà. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, torí Àáfà ni. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àáfà. Àmọ́ kì í ṣe àwa lẹ jẹ lọ́rọ̀."

Ó yé e. Ó bọ bàtà ẹ̀, a jọ lọ sí itẹ́ òkú, èmi lẹ́yìn, òun níwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi iyẹ̀pẹ̀ tó ṣì tutù, ó sì tún gbogbo ẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń pè é ní Ìyá, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo dúró tì í títí ó fi sọ ọ́ tán. Mo ń retí kí ìbínú mi lọ. Kò lọ. Ìyá Àgbà ti fi gbogbo ọdún yẹn dúró sí àárín àlàfo ẹní méjì, ó ń retí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ èmi ni mo gbọ́ ọ.